Ìmẹ́lẹ́ Inú Ẹgbẹ́: Ohun tí Àáró àti Ọ̀wẹ̀ Lè Kọ́ Wa nípa Iṣẹ́ Àjùmọ̀ṣe

1.0 Ìfáárà

Yorùbá gbà pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí a bá gba òwe yìí bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, a ó rò pé bí ọwọ́ bá ti ń pọ̀ sí i ni agbára iṣẹ́ yóò máa pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni-méjìlá rí mọ̀ pé ẹni mẹ́ta péré lè wà nídìí iṣẹ́ náà títí yóò fi parí. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé ọ̀lẹ ni àwọn tí ó kù. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ìwà ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tí a gbà to iṣẹ́ náà ni ó ń bí i. A ó kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn oníwàádìí rí, a ó fi í wé àáró àti ọ̀wẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó sọ ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀.

2.0 Ìdánwò Okùn Fífà

Max Ringelmann, onímọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ fi ìwọ̀n wo ọ̀rọ̀ yìí láàárín ọdún 1880 sí 1889. Ó tẹ àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1913. Bí a bá pe agbára ẹni tí ó dá okùn fà ní 100, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó jùmọ̀ fà á lo 93. Nínú àwọn mẹ́ta, 85. Nínú àwọn mẹ́jọ, 49. Ìyẹn ni pé ẹni mẹ́jọ kò tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́rin pé.

Ohun méjì ni ó lè fa èyí. Èkíní ni àdánù ètò: ẹni kan ń fà nígbà tí èkejì ń mí. Èkejì ni àdánù ìtara: olúkúlùkù dẹ ọwọ́, ìbáà ṣe pé ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ní 1974, Alan Ingham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wá ọ̀nà láti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Wọ́n di ojú ẹni tí wọ́n ń dán wò, wọ́n fi í sí iwájú okùn, wọ́n sì jẹ́ kí ó gbà pé àwọn mìíràn ń fà lẹ́yìn òun, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ń fà. Síbẹ̀, agbára rẹ̀ dínkù. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ẹlòmíràn tí ó lè dí i lọ́wọ́, ó hàn gbangba pé ìtara ni ó lọ sílẹ̀.

Ní 1979, Bibb Latané, Kipling Williams àti Stephen Harkins fi ariwo pípa dán irú ọ̀ràn yìí wò. Ẹni tí ó rò pé òun àti ẹnìkan ni àwọn jọ ń pariwo lo 82 nínú 100 agbára rẹ̀. Ẹni tí ó rò pé àwọn mẹ́fà ni lo 74. A ó pe èyí ní ìmẹ́lẹ́ inú ẹgbẹ́. Oríkì rẹ̀ ni pé ó jẹ́ àdínkù ìsapá ẹni nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn.

3.0 Ohun tí Ó Ń Fà Á

Àwọn oníwàádìí mẹ́ta yìí kan náà fún wa ní ìdáhùn ní 1981. Nígbà tí wọ́n sọ fún àwọn ènìyàn pé ẹ̀rọ ń wọn ohùn olúkúlùkù lọ́tọ̀, ariwo wọn kò dínkù mọ́ nínú ẹgbẹ́. Nígbà tí wọ́n sọ fún àwọn mìíràn pé kò sí bí a ṣe lè mọ ohùn ẹnikẹ́ni, wọn kò sapá dé ojú àmì, kódà nígbà tí wọ́n dá nìkan pariwo. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn gan-an ni ó ń sọ ènìyàn di ọ̀lẹ, bí kò ṣe pé ọ̀pọ̀ ènìyàn bo iṣẹ́ ẹni mọ́lẹ̀.

Àrùn yìí a sì máa ràn. Norbert Kerr fi hàn ní 1983 pé ẹni tí ó bá rí i pé ẹnìkejì òun lè ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò ṣe é, a máa dẹ ọwọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú, kí a má baà sọ ọ́ di ẹni à ń gùn bí ẹṣin. Báyìí ni ẹgbẹ́ ṣe ń pàdánù àwọn òṣìṣẹ́ rere rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kúrò níbẹ̀.

4.0 Àáró àti Ọ̀wẹ̀

Bí a bá wo àáró dáadáa, a ó rí i pé ó ti yanjú ìṣòro yìí. Àwọn àgbẹ̀ tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba a máa kó ara wọn jọ sí oko ẹnìkan lónìí, sí ti ẹlòmíràn ní ọjọ́ mìíràn, títí yóò fi kárí. Olúkúlùkù a mú poro tirẹ̀, ebè tí ó kọ a sì ṣeé kà. Ẹni tí ó bá sẹ́yìn, gbogbo oko ni ó rí i. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹni tí ó bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú oko ẹlòmíràn mọ̀ pé oko tirẹ̀ ń bọ̀.

Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ fún àna rẹ̀ tàbí tí ó fẹ́ mọ ilé ni ó máa ń bẹ ọ̀wẹ̀, òun náà ni yóò sì bọ́ àwọn tí ó wá. Nígbà tí amọ̀ bá ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, ta ni yóò mọ ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan? Ohun tí ó di irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mú ni ìbátan, ọ̀rẹ́, àti ojú àna tí a kò fẹ́ kí ó tì wá níwájú rẹ̀. Ìwádìí Christopher Earley ní 1993 bá èyí mu: ó rí i láàárín àwọn ará Ṣáínà àti Ísírẹ́lì pé wọ́n ṣiṣẹ́ dáadáa láàárín àwọn tí wọ́n kà sí ara wọn ju ìgbà tí wọ́n dá wà tàbí tí wọ́n wà láàárín àwọn àjèjì lọ.

5.0 Ààlà Ọ̀rọ̀ Yìí

Ẹnìkan lè béèrè pé ṣé kí a máa ka ebè olúkúlùkù nínú gbogbo iṣẹ́ ni? Rárá. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni ó ní poro. Bí a bá ń ka kìkì ohun tí ó ṣeé kà, ìrànlọ́wọ́ tí òṣìṣẹ́ kan ń ṣe fún òmíràn, tí kò ṣeé kà, lè parẹ́. Steven Karau àti Kipling Williams ṣe àgbéyẹ̀wò ìwádìí 78 ní 1993. Wọ́n rí i pé yàtọ̀ sí pé kí a mọ iṣẹ́ ẹni, ìmẹ́lẹ́ a tún máa dínkù bí iṣẹ́ náà bá ní ìtumọ̀ lójú ẹni tí ń ṣe é, bí ó bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà, tí ó sì gbà pé ìpín tòun kì í ṣe àsán.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìbáwí nìkan kò lè wo ìmẹ́lẹ́ inú ẹgbẹ́ sàn. Kí olórí iléeṣẹ́ tó pe òṣìṣẹ́ ní ọ̀lẹ, ó yẹ kí ó béèrè bóyá òun fún un ní poro tí a lè mọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí a bá fún akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá ní iṣẹ́ kan ṣoṣo àti máàkì kan ṣoṣo, ọ̀wẹ̀ ni a bẹ̀ láìsí àna níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ olúkúlùkù sí apá tí ó ṣe, kí ẹgbẹ́ náà má pọ̀ jù, kí a sì sọ ìdí tí iṣẹ́ náà fi ṣe pàtàkì. Òótọ́ ni pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a lè mọ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan.