Ọ̀nà Irin Méjì ní Jàpáànù: Ti Takarazuka àti ti Toyama

Tí a bá dárúkọ ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ Jàpáànù, Shinkansen, ọkọ̀ ayára-bí-àṣá, ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń gbé òṣìṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, tó sì ń gbé ìyá àgbà lọ sílé ìwòsàn, òun gan-an ni ará ìlú ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lójoojúmọ́. Irú ọ̀nà irin bẹ́ẹ̀ méjì ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ọ̀kan so Osaka mọ́ Takarazuka. Ilé iṣẹ́ aládàáni ló là á, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1910. Èkejì wà ní Toyama, ní etí òkun ìwọ̀ oòrùn Jàpáànù. Kò gùn tó kìlómítà 8, díẹ̀ ló sì kù kó kú kí ìjọba ìlú tó gbà á sílẹ̀ ní 2006.

Ti Osaka ló ṣáájú. Nígbà tí wọ́n dá Minoo Arima, ilé iṣẹ́ tó la ọ̀nà náà, sílẹ̀ ní 1907, ọrọ̀ ajé Jàpáànù ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ogun tí wọ́n bá Rọ́ṣíà jà ni. Àwọn tó ti ṣèlérí pé àwọn á dókòwò sá sẹ́yìn, nǹkan bí ìdajì ìpín ìdókòwò náà ni kò sì rí ẹni rà á. A ò lè dá wọn lẹ́bi. Oko ìrẹsì àti abúlé ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà náà. Takarazuka kò ju ibi tí àwọn èèyàn ti ń lọ wẹ omi gbígbóná inú ilẹ̀ lọ. Minoo, ibòmíràn tí irin náà dé, sì lókìkí nítorí omi tó ń já bọ́ láti orí òkè àti ewé igi tó ń pọ́n nígbà ìwọ́wé. Ta ni yóò máa torí ìyẹn wọkọ̀ lójoojúmọ́?

Kobayashi Ichizo, tó ti ṣiṣẹ́ ní báńkì Mitsui tẹ́lẹ̀, ló gba iṣẹ́ náà mọ́ra. Ó fẹsẹ̀ rin ojú ọ̀nà náà láti Osaka dé Ikeda, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ilẹ̀ tí kò lérò, tí àwọn yòókù kà sí àléébù, òun ni Kobayashi kà sí ọrọ̀. Osaka ìgbà yẹn kún fún èéfín ilé iṣẹ́, ilé sì há mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ olówó oṣù. Ó ní kí ilé iṣẹ́ òun ra ilẹ̀ lówó pọ́ọ́kú kí irin tó débẹ̀, kí wọ́n kọ́ ilé sí i, kí wọ́n tà á fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí àwọn onílé tuntun náà sì di èrò ọkọ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ jáde ní 1908, ní ọ̀nà ìbéèrè àti ìdáhùn, láti fi ṣàlàyé fún gbogbo èèyàn bí ọkọ̀ náà yóò ṣe mérè wá. Lọ́dún kejì ó tún tẹ òmíràn tó ń bá àwọn ará Osaka sọ̀rọ̀ lórí irú ilẹ̀ tó yẹ kí wọ́n yàn àti irú ilé tó yẹ kí wọ́n gbé, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ èéfín.

Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ ti hàn jù ni Muromachi ní Ikeda, níbi tí wọ́n ti kọ́ nǹkan bí 200 ilé. Nǹkan bí 2,500 yen ni ilé kan pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò san ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀, yóò sì máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fún ọdún 10. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: akọ̀wé tí kò lè kó owó ilé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo di onílé, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sì rí èrò tí kò ní sá lọ.

Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ a máa sinmi lọ́jọ́ Àìkú. Kí ọkọ̀ má bàa máa sáré lófìfo, Kobayashi kọ́ ọgbà ẹranko sí Minoo, ó sì kọ́ ilé ìwẹ̀ ìgbàlódé sí Takarazuka ní 1911. Adágún ìwẹ̀ tó tún kọ́ sínú ilé níbẹ̀ kò mérè wá rárá, nítorí omi rẹ̀ tutù, òfin kò sì gbà kí ọkùnrin àti obìnrin wẹ̀ pọ̀. Wọ́n fi pákó bò ó, ó di ibi ìjókòó àwọn òǹwòran nínú gbọ̀ngàn eré. Ní 1914 àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, wọ́n sì ń ṣeré níbẹ̀, ẹgbẹ́ Takarazuka tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo Jàpáànù títí dòní sì ti ibẹ̀ ṣẹ̀. Ní 1929, ilé iṣẹ́ náà, tí ó ti ń jẹ́ Hankyu nígbà yẹn, ṣí ilé ìtajà ńlá sí ẹnu ọ̀nà ibùdó rẹ̀ ní Umeda, ní Osaka. Nígbà tí ọ̀dá owó dá, àwọn kan a wá sí ilé oúnjẹ ibẹ̀, wọ́n á ra ìrẹsì funfun lásán, wọ́n á da ọbẹ̀ inú ìgò tó wà lórí tábìlì lé e. Kobayashi kò jẹ́ kí wọ́n lé wọn. Ó ní kí wọ́n kí wọn káàbọ̀, torí pé tálákà òní ni yóò mú ìyàwó àti ọmọ padà wá lọ́la.

Toyama kò ní Kobayashi, kò sì ní àkókò Kobayashi. Wọ́n ti la irin tó lọ sí èbúté Iwase láti 1924. Ìjọba àpapọ̀ gbà á ní 1943, ó sì bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin JR Ìwọ̀ Oòrùn ní 1987. Gbogbo ìgbà yẹn ni mọ́tò ń pọ̀ sí i. Ìlú tàn kálẹ̀ títí tí kò fi sí olú ìlú ìpínlẹ̀ mìíràn ní Jàpáànù tí ilé àwọn èèyàn rẹ̀ jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ irin wá ń dé ní ìdajì wákàtí, nígbà mìíràn ní wákàtí kan kan, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ sì ni èyí tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá pàdánù ọ̀kan, á lọ ra mọ́tò. Bí èrò ti ń dín kù, wọ́n ń dín ọkọ̀ kù sí i.

Iṣẹ́ Shinkansen tó ń bọ̀ ló fipá mú ìlú náà láti pinnu. Wọ́n fẹ́ gbé ibùdó Toyama sókè orí afárá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí irin kékeré yìí: gbígbé òun náà sókè pẹ̀lú owó gọbọi, fífi bọ́ọ̀sì rọ́pò rẹ̀, tàbí sísọ ọ́ di ọkọ̀ irin ìgboro tó ń bá mọ́tò rìn ní títì. Mori Masashi, olórí ìlú nígbà náà, yan ẹ̀kẹta. Ní oṣù Kẹrin 2006, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní ìṣẹ́jú 15 síra, ó sì ń ṣiṣẹ́ di lẹ́yìn aago mọ́kànlá alẹ́. Wọ́n fi ibùdó kún un. Ilẹ̀ inú ọkọ̀ náà bá pèpéle dọ́gba, tó fi jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ọmọdé àti àga oníkẹ̀kẹ́ ń yí wọlé láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé e. Ní Iwasehama, tó jẹ́ ìparí ọ̀nà, apá kan pèpéle ni ọkọ̀ irin ń dúró sí, apá kejì ni bọ́ọ̀sì. Àwọn ará ìlú dáwó bẹ́ǹṣì ibùdó, a sì kọ orúkọ wọn sí i lára. Ní Higashi-Iwase, pèpéle gíga àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ilé ibùdó onípákó, níwájú pèpéle tuntun tó rẹlẹ̀. Èrò ọjọ́ iṣẹ́ di ìlọ́po méjì lọ́dún àkọ́kọ́, ti òpin ọ̀sẹ̀ sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn jù lọ pé lára àwọn èrò tuntun náà ni àwọn àgbàlagbà tí kì í jáde nílé rárá tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká gbé wọn síra. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni pé kò sí èyí tó gbà pé owó ọkọ̀ nìkan lè gbé irin ró. Irin a máa gbé owó ilẹ̀ sókè, a máa mú oníbàárà wá fún ọlọ́jà, ẹni tó bá sì jẹ èrè yẹn ló yẹ kó san owó irin. Kobayashi rí i dájú pé ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ni ilẹ̀, ilé ìtajà àti orí ìtàgé, nítorí náà ó gba èrè náà fúnra rẹ̀. Ní Toyama, ìlú ló ń gbà á, nípasẹ̀ owó orí ilé àti ilẹ̀ ní àárín ìgboro tí kò ṣófo mọ́. Ìdí nìyí tí ìlú fi ń gbé owó àtúnṣe irin, tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kò sì ní láti ṣe ju kí ó máa wa ọkọ̀ dáadáa. Ìlú sì ń ran ẹni tó bá kọ́ ilé sí tòsí ibùdó lọ́wọ́. Ní 2005, 28 nínú 100 ará ìlú ló ń gbé nítòsí ọkọ̀ èrò tó ń dé léraléra. Ìlú fẹ́ kó di 42.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ló wúwo jù lójú mi. Kobayashi ń fa èèyàn jáde nínú ìlú, ní àkókò tí èèyàn ń pọ̀ sí i. Àwọn onílé iṣẹ́ irin mìíràn kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Goto Keita ní Tokyo sì wà lára wọn. Fún ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ń na ìlú jáde sí oko. Ọ̀nà Takarazuka ṣì ń kún fún èrò, n kò sì ní bù ú kù. Ṣùgbọ́n ẹ wo Senri, tí ìjọba kọ́ sí ẹ̀bá Osaka ní àwọn ọdún 1960: àwọn tọkọtaya ọ̀dọ́ tó kó wọ̀ ọ́ ti darúgbó, àwọn ọmọ wọn ti kó lọ. Láti nǹkan bí 2008 ni iye èèyàn Jàpáànù ti ń dín kù. Ọgbọ́n tó gbẹ́kẹ̀ lé onílé tuntun kò lè ran ìlú tí kò ní onílé tuntun lọ́wọ́.

Toyama kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro. Mọ́tò ṣì ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń wọ̀, àwọn ọ̀nà irin mìíràn ní ìpínlẹ̀ kan náà sì ń jìjàdù láti wà láàyè. Síbẹ̀, bí a bá ní ká fún ẹnì kan ní oyè lórí ọgbọ́n àtinúdá, ti Kobayashi ni, kò sí àríyànjiyàn. Bí ó bá jẹ́ pé èyí tó yẹ kí àwọn ìlú ìsinsìnyí fara wé ni à ń wá, Toyama ni mo mú. Ọkọ̀ tó bá ń dé léraléra, tó ń ṣiṣẹ́ di alẹ́, tí arúgbó lè wọ̀ láìgun àtẹ̀gùn, ni ìlú ńlá àti ìlú kékeré lè pèsè, yálà ilẹ̀ wà fún títà tàbí kò sí. Láti oṣù Kẹta 2020, ọkọ̀ tó bá gbéra ní Iwasehama ń gba abẹ́ ibùdó Shinkansen kọjá wọ gúúsù Toyama, èrò kò sì ní láti sọ̀kalẹ̀ mọ́.