Ta Ló Ni Fóònù Téèyàn Fowó Ara Rẹ̀ Rà?

Nígbà tí iPhone 13 jáde lọ́dún 2021, ohun kan ya àwọn tó ń tún fóònù ṣe lẹ́nu. Bí ojú fóònù náà bá fọ́, tí wọ́n sì fi ojúlówó tí wọ́n tú lára iPhone 13 mìíràn pààrọ̀ rẹ̀, fóònù á tàn, ṣùgbọ́n Face ID tó fi ń dá ẹni tó ni ín mọ̀ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Kò sóhun tó bàjẹ́. Apple ló fi chip kékeré kan so ojú fóònù kọ̀ọ̀kan mọ́ fóònù tó bá a jáde. Nígbà náà, ẹnjiníà tó bá fẹ́ kí Face ID ṣiṣẹ́ ní láti gbé awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, kó rọra yọ chip náà lára ojú tó fọ́, kó sì fi òjé jó o mọ́ tuntun. Ariwo pọ̀ kí Apple tó tú ìdè yìí.

Irú ìdè bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àtúnṣe ń bá jà. Wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ ta páàtì àti irinṣẹ́ fún aráàlú níye tó mọ níwọ̀n, kí wọ́n má sì fi ìwé àlàyé pamọ́. Nítorí àìrí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà Kyle Wiens tó bàjẹ́ ni òun àti Luke Soules ṣe dá iFixit, ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ aráàlú bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe, sílẹ̀ ní California lọ́dún 2003.

Àwọn ilé iṣẹ́ ń sọ pé ààbò làwọn ń rò. Lóòótọ́, bátìrì ayédèrú lè gbiná. Ṣùgbọ́n nígbà tí àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà yẹ àwíjàre wọn wò lọ́dún 2021, ẹ̀rí díẹ̀ ló rí tó tì í lẹ́yìn.

Òfin ti ń dé. Ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí tirẹ̀ ní December 2022. Oregon ló wá ṣe gudugudu méje lọ́dún 2024: Apple takò ó, síbẹ̀ ìpínlẹ̀ náà fòfin de síso páàtì mọ́ fóònù kan ṣoṣo. Ní Yúróòpù, láti February 2027, oníbàárà gbọ́dọ̀ lè yọ bátìrì ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.

Òfin Oregon kò dé Ìkẹjà, ṣùgbọ́n fóònù tí wọ́n dè ń dé ibẹ̀. Ní Computer Village, àwọn ẹnjiníà máa ń tú fóònù tó ti kú láti fi páàtì rẹ̀ jí òmíràn. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn nìyẹn, òun gan-an sì ni ìdè yìí ń dí lọ́wọ́. Ó yẹ kí àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà àtàwọn aṣòfin Nàìjíríà dìde sí i. Kó tó di ìgbà náà, kí ẹni tó bá fẹ́ ra fóònù kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹnjiníà rẹ̀ bóyá páàtì fóònù náà ṣeé pààrọ̀, kó tó sanwó.