Òkúta inú àpò ìtọ̀: Ewu tó lúgọ de àwọn tó fi ọ̀pá-ẹ̀yìn ṣèṣe

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì dáadáa, pàápàá níbi tó ti gba Àgbárá kọjá, yóò mọ̀ pé tírélà àti ọ̀kadà ló jọ ń du ọ̀nà níbẹ̀. Iléeṣẹ́ ńláńlá ló kún agbègbè náà títí dé Ọ̀tà àti Sàngó. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló sì wà nídìí ọ̀pọ̀ ìfarapa ọ̀pá-ẹ̀yìn ní Nàìjíríà. Bí ẹni tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí bá ti ọsibítù egungun tó wà ní Igbóbì tàbí ibòmíràn dé, ẹsẹ̀ tí kò lè rìn mọ́ ni àwọn ẹbí máa ń wò. Wọn kì í sábà rántí àpò ìtọ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ewu mìíràn ti ń hù bọ̀.

Inú ọ̀pá-ẹ̀yìn ni iṣan tó ń jíṣẹ́ láàrin ọpọlọ àti àpò ìtọ̀ gbà kọjá. Bí iṣan náà bá bàjẹ́, àpò ìtọ̀ kì í lè tú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ síta mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ki rọ́bà ìtọ̀ bọ aláìsàn. Ìtọ̀ tó bá dúró sójú kan, tàbí tí rọ́bà pẹ́ nínú rẹ̀, kòkòrò yóò fi ṣelé. Àwọn kan nínú kòkòrò náà, bíi èyí tó ń jẹ́ Proteus, máa ń yí ìtọ̀ padà débi pé èròjà inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ó lè dì mọ́ bàlúùnù kékeré tó gbé rọ́bà dúró nínú àpò ìtọ̀. Bí wọ́n bá yọ rọ́bà, èérún tó kù sẹ́yìn lè máa dàgbà di òkúta.

Ìrora ló máa ń tú àṣírí òkúta yìí lára ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ nǹkan kan lára láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀ lè gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ oṣù láìmọ̀. Àwọn àmì tó yẹ kó máa wò ni rọ́bà tó ń dí léraléra, ìtọ̀ tó ń jò gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà, ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀, àti ibà tàbí àrùn ìtọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀.

Èyí tó léwu jù kan àwọn tí ọgbẹ́ wọn wà láti agbedeméjì àyà sókè. Òkúta tàbí rọ́bà tó dí lè mú kí ìfúnpá wọn ga lójijì, kí orí máa fọ́ wọn gan-an, kí òógùn sì bo ojú wọn. Ó lè ṣekú pani. Kí wọ́n gbé ẹni náà jókòó lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tú aṣọ tó bá fún un, kí wọ́n wò bóyá rọ́bà ká kò, kí wọ́n sì sáré gbé e lọ sí ọsibítù.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń rí òkúta náà? Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò gba owó: kí wọ́n yẹ rọ́bà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ wò. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006 fi hàn pé nínú àwọn tí nǹkan bí iyanrìn dì mọ́ rọ́bà wọn, ju ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ ló ní òkúta. Ẹ́sírè kì í rí gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹ́sírè tó mọ́ kò túmọ̀ sí pé òkúta kò sí. Síkáànù lè ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n ìtọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àpò, torí àpò tó ṣófo lè fi òkúta pamọ́. Èyí tó dájú jù ni kámẹ́rà tín-ínrín tí wọ́n ń kì gba ojú ìtọ̀ wọlé. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n sábà ń gbà fọ́ òkúta náà yọ láìla ikùn.

Kí Ludwig Guttmann tó dá ẹ̀ka ìtọ́jú ọ̀pá-ẹ̀yìn sílẹ̀ ní Stoke Mandeville, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1944, àrùn ìtọ̀ àti egbò ìdùbúlẹ̀ ló ń pa ọ̀pọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Òkúta tí wọ́n bá fi sílẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́. Nítorí náà, kí ẹni tó ń tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ má ṣe ju rọ́bà àtijọ́ nù láìwo ẹnu rẹ̀. Bó bá rí iyanrìn níbẹ̀, kó mú un lọ han dókítà.