Pínpín Ìròyìn Iye Ilẹ̀ Oko láàárín Àwọn Adíyelé ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Adíyelé-ilẹ̀, tí òfin 1975 fi ìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, kì í ti inú ara rẹ̀ dá iye lé oko. Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni iye tí wọ́n ta oko mìíràn tí ó jọ ọ́ ní àgbègbè kan náà. Bí ìdáhùn bá jẹ́ irọ́, irọ́ ni báǹkì yóò gbé ẹ̀yáwó lé, irọ́ ni àwọn ọmọ olóògbé yóò sì fi pín ogún. Ní abúlé Ẹ̀gbá, ìdáhùn tòótọ́ ṣọ̀wọ́n.

Títa ilẹ̀ kò ṣàjèjì níbẹ̀. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí ni àwọn Ẹ̀gbá ti ń ta ilẹ̀, àwọn Sàró tí ó mọ̀wé sì wà nítòsí. Ohun tí ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ tí ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, gbé jáde ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, 1978. Abala 36 kò gba ẹni tí ó ti ni ilẹ̀ ní ẹ̀yìn ìgboro láyè láti gé e sí pulọ́ọ̀tì tàbí láti gbé e fún ẹlòmíràn. Ìwé tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ìtanràn ₦5,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan sì wà níbẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ó gba Ìbàfò àti Mówè kọjá. Òfin ní kí ilẹ̀ má tà. Ọ̀nà ń kó olùrà bọ̀ láti Èkó. Ọ̀nà ni ó borí.

Àbájáde rẹ̀ wà nínú ìwé. Ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ tí wọ́n kọ lẹ́yìn òfin náà ni ó ru ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì dá ọjọ́ padà sẹ́yìn ní láti dá owó padà pẹ̀lú, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbà pé iye òní ni wọ́n ra oko ní 1975. Níbi tí ọjọ́ bá ti jẹ́ òtítọ́, wọ́n sábà máa ń dín iye kù, nítorí pé owó tí ìjọba ń gbà kí ó tó buwọ́ lu ìwé ń tẹ̀lé iye ilẹ̀.

Ẹnu ènìyàn ni iye tòótọ́ wà: ẹnu alágbàtà, ẹnu olórí ẹbí, ẹnu àwọn tí ó pín owó náà. Ṣùgbọ́n olórí ẹbí lè má fẹ́ kí àwọn àbúrò mọ gbogbo rẹ̀, alágbàtà sì ń fi ohun tí ó mọ̀ jẹun. Àwọn adíyelé pàápàá a máa fi iye pamọ́ fún ara wọn bí ẹni fi ewé pamọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, iléeṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ti kó iye tí wọ́n ta ilé láti 1995 síta fún gbogbo ayé. Èyí kò ṣeé ṣe lójú ẹsẹ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ oko kò ti sí nínú ìwé ìjọba. Ohun tí ó ṣeé ṣe ni kí àwọn adíyelé Abẹ́òkúta máa fún ara wọn ní iye tí wọ́n bá mọ̀, láìdárúkọ olùtà àti olùrà. Orúkọ ni ó ń dẹ́rù ba ènìyàn, kì í ṣe iye.

Iye nìkan kò sì tó. Ṣé obì, kòkó àti ọ̀pẹ wà nínú rẹ̀, tàbí wọ́n jẹ́ ti àgbẹ̀ tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀? Ṣé títà ni, tàbí wọ́n fi oko dógò, tí ẹbí ṣì lè rà á padà? Èló ni àwọn ọ̀dọ́ gbà kí olùrà tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀? Owó yẹn kì í sí nínú rìsíìtì.

Àwọn ẹbí kan rò pé ìròyìn báyìí yóò gbè wọ́n bí ìjọba bá gba oko wọn. Abala 29 kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó dá owó lé ilé àti ohun ọ̀gbìn. Lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó ilẹ̀ tí onílẹ̀ san lọ́dún náà nìkan ni yóò gbà padà, bí ó bá san rárá.