Kí Ni Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ń Wá Lórí Àpáta Òkè-Ìmẹ̀sí? Bí A Ṣe Ń Kọ́ Olùwádìí Láti Ṣàlàyé Iṣẹ́ Rẹ̀ fún Ará Ìlú

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Òkè-Ìmẹ̀sí, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tàbí Ìkógòsì yóò ti rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì rí, tí wọ́n mú òòlù àti kọ́ńpáàsì dání, tí wọ́n ń fọ́ òkúta, tí wọ́n sì ń kọ nǹkan sínú ìwé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọn a bá tiwọn lọ. Ohun tí wọ́n rí a di ìwé nínú yàrá ìkàwé yunifásítì, ará ìlú kì í sì í sábà gbúròó rẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni àhesọ ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹnìkan lè ní wúrà ni wọ́n ń wá, ẹlòmíràn lè máa bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ òun.

Òtítọ́ rẹ̀ nìyí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, agbára inú ilẹ̀ ti àpáta agbègbè yìí láti ẹ̀gbẹ́ títí ó fi ká, gẹ́gẹ́ bí ẹní tí a tì láti etí méjèèjì ṣe ń wú ní àárín. Orúkọ Òkè-Ìmẹ̀sí gan-an ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi ń pe àpáta kíká náà nínú ìwé wọn. Láti inú òkúta líle irú èyí, tí wọ́n ń pè ní kúọ́tsáìtì, ni omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Ìkógòsì ti ń sun. Bí òjò bá rọ̀, omi a gba ojú sísán àpáta wọ ìsàlẹ̀ lọ, ooru inú ilẹ̀ a mú un gbóná, a sì tún padà sun jáde.

Àlàyé yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kí ló dé tí kì í fi í dé etí wa? Ìdí ni pé ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò yẹ ìwé rẹ̀ wò ni a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti bá sọ̀rọ̀. Ìbárasọ̀rọ̀ pẹ̀lú ará ìlú jẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀, a sì lè kọ́ ọ.

Ní ọdún 2008, Yunifásítì Queensland ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà dá ìdíje kan sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé. Ọ̀dá dá níbẹ̀ nígbà náà, àwọn ènìyàn sì ń fi agogo kékeré tí ń ka ìṣẹ́jú 3 sí balùwẹ̀ kí omi má baà ṣòfò. Láti ibẹ̀ ni èrò náà ti wá. Ìwé ìwádìí tí ó ní ọ̀rọ̀ 80,000 lè gba wákàtí 9 láti kà síta; akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú 3 péré, pẹ̀lú àwòrán kan ṣoṣo, láìkọrin, láìkéwì. Ìdíje náà ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà náà kò sì gbẹ́yìn.

Nínú irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, ohun mẹ́rin ni a ń tẹnu mọ́:

1. Kí olùwádìí bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí olùgbọ́ ti mọ̀: kànga, oko, òkè tí ó ń wò lójoojúmọ́.
2. Kí ó mú kókó kan ṣoṣo, kí ó fi ìyókù sílẹ̀.
3. Kí ó má ṣe bù mọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tí kò tíì dájú, kí ó sọ pé kò tíì dájú.
4. Kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ iṣẹ́ náà, kí ẹni yẹn sì tún un sọ. Ibi tí ó bá ti kọsẹ̀ ni àlàyé kò ti yé e.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, èdè tún ṣe kókó. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Bí ó bá yé ọmọdé, yóò yé àgbà.

Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbò. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ìwádìí tí ó kan omi tí gbogbo ìlú ń mu kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ olókùúta, ojú sísán àpáta ni omi sábà máa ń wà. Ẹni tí kò mọ ibi tí ó sán sí lè ná owó rẹpẹtẹ gbẹ́ bóhóòlù tí kò ní mú omi wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ìpínlẹ̀ Èkìtì, bí olùwádìí bá wọ àdúgbò yín, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni o ń wá? Àǹfààní wo ni yóò ṣe wá? Ìgbà wo ni ìwọ yóò padà wá jábọ̀ fún wa?