Ohun ìṣeré ọmọdé nínú ìṣẹ̀dá orin ìdánwò

Lílo ohun ìṣeré ọmọdé nínú ìṣẹ̀dá orin ìdánwò jẹ́ ọ̀nà kan tí olùṣẹ̀dá orin ń gbà sọ ohun tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, tàbí òfin eré wọn, di ohun èlò orin. Orin ìdánwò ni orin tí ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ fi ń dán ìró tàbí ìlànà tí a kò kà mọ́ orin tẹ́lẹ̀ wò. Irú èyí tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí kì í lo iná mànàmáná: igi, irin, awọ, agolo, èso àti èémí ènìyàn ni ó ń mú ìró jáde. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí kan eré òṣùpá, ohun ìṣeré tí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn ṣe, àti ohùn èdè Yorùbá fúnra rẹ̀. Ìlú Ìwó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí eré ìbílẹ̀, orin àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀kọ́ orin ní yunifásítì ti pàdé, jẹ́ àpẹẹrẹ ibi tí a ti lè rí ìbáṣepọ̀ náà.

Ìtumọ̀ "eré"

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà "eré" gbòòrò nínú èdè Yorùbá. Ọmọdé tí ó ń fi yanrìn kọ́lé ń ṣeré. Òṣèré orí ìtàgé ń ṣeré. Bí a bá sì pe onílù tàbí olórin sí òde ìgbéyàwó, eré ni a ní ó wá ṣe. Ẹni tí ó ń sáré pàápàá, eré ni ó ń sá. Èdè náà kò fi ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ya eré ọmọdé sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ọnà àgbàlagbà. Nítorí náà, èrò pé ohun ìṣeré lè di ohun èlò orin, tí ó jẹ́ ohun ìyanu fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ gbọ̀ngàn orin ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, kò ṣàjèjì sí ìrònú Yorùbá.

Ìtàn ní àgbáyé

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, orin kan tí a mọ̀ sí Toy Symphony di olókìkí ní Yúróòpù. Wọ́n fi fèrè ìṣeré tí ń ké bí ẹyẹ, kàkàkí kékeré, ìlù kékeré àti ohun tí a ń yí kí ó lè máa dún gbàràgbàrà kún àwọn ohun èlò olókùn. Wọ́n ti kà á sí iṣẹ́ Joseph Haydn àti ti Leopold Mozart rí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà lónìí pé Edmund Angerer, àlùfáà ará Ọ́síríà, ni ó kọ ọ́.

Ní ọdún 1872, Albert Schoenhut, ẹni tí a bí ní Jámánì, dá ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe dùùrù ìṣeré sílẹ̀ ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà. Irú dùùrù yìí ni John Cage kọ orin fún ní ọdún 1948, nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó pè ní Suite for Toy Piano. Abala márùn-ún ni orin náà ní, ohùn mẹ́sàn-án péré lórí àwọn bọ́tìnnì funfun ni ó sì lò. Ohun tí Cage ń dán wò ni bóyá ohun èlò tí kò lágbára púpọ̀ lè gbé iṣẹ́ tí ó jinlẹ̀. Ní ọdún 1970, George Crumb fi dùùrù ìṣeré sí inú Ancient Voices of Children. Láti ọdún 1973, György Kurtág ti Họ́ńgárì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Játékok, orúkọ tí ó túmọ̀ sí "àwọn eré"; ó wo bí ọmọdé tí kò tíì kọ́ dùùrù ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ àti ìgúnpá kàn án, ó sì sọ ìwà náà di ìlànà orin. Margaret Leng Tan, tí a bí ní Singapore, gbé àwo orin The Art of the Toy Piano jáde ní ọdún 1997, ó sì mú dùùrù ìṣeré dé orí ìtàgé kárí ayé.

Bí ìró ṣe ń jáde

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín dùùrù gidi àti dùùrù ìṣeré kì í ṣe ti ìtóbi nìkan. Okùn ni òòlù kékeré ń lù nínú dùùrù gidi. Nínú ti ìṣeré, ọ̀pá irin tí a dè ní ìpẹ̀kun kan ni. Bí okùn bá ń gbọ̀n ní ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn ìró kéékèèké tí ó bá a rìn yóò máa gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 400, 600 àti 800, etí yóò sì gbọ́ gbogbo wọn bí ohùn kan ṣoṣo. Ọ̀pá irin kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ìró kejì rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́fà ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì ṣe déédéé pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí dùùrù ìṣeré fi ń dún bí agogo, tí etí fi máa ń ṣiyèméjì nípa ohùn tí ó gbọ́ gan-an. Agídìgbo Yorùbá, tí irin pẹlẹbẹ rẹ̀ wà lórí àpótí onígi, ń tẹ̀lé ìlànà tí ó jọ èyí.

Ohun ìṣeré ní ilẹ̀ Yorùbá

Púpọ̀ nínú ohun ìṣeré ìbílẹ̀ ni ọmọdé máa ń ṣe fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn láti inú ohun tí àgbàlagbà ti sọ nù. Lára wọn ni:

Agolo. Agolo mílíìkì tàbí tòmátò tí a fi ọ̀rá tàbí bébà bò lẹ́nu máa ń di ìlù. Bí a bá fa ọ̀rá náà le, ohùn rẹ̀ á lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀, ohùn á sọ̀ kalẹ̀.

Fèrè ìbẹ́pẹ. Igi ewé ìbẹ́pẹ ní ihò nínú, ọmọdé sì ń gé e láti fi fọn fèrè. Bí ó bá ṣe kúrú tó ni ohùn rẹ̀ ṣe ń ga tó.

Òkòtó. Ohun tí a ń fi ìka ta kí ó lè máa pòyì lórí ilẹ̀. Ìró rẹ̀ ń yí padà bí agbára rẹ̀ ṣe ń tán, ilẹ̀ tí ó ń yí lórí rẹ̀ sì ń dá sí i.

Ayò. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, ọmọ ayò 48 ni a ń kó sínú rẹ̀, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń bọ́ sínú ihò ni igi ń dún. Bí a bá ka ìró ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan sí ìlù kan, ìpinnu àwọn ọ̀ta méjèèjì ni yóò máa sọ bí ìlù ṣe máa gùn tó àti ibi tí yóò ti dákẹ́. Òfin eré náà ti di ìwé orin nìyẹn, ó sì ṣòro kí a tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì bákan náà.

Eré tí a fi ara ṣe, bíi súwẹ̀, ẹkùn mẹ́ran, bojúbojú àti eré àtẹ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin, náà ní ìlù tirẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ń fò, ọwọ́ tí ń pàtẹ́ àti orin tí ẹnì kan ń dá tí àwọn yòókù ń gbè ni ohun èlò wọn.

Ohùn èdè àti ohun ìṣeré

Èdè Yorùbá ní ohùn mẹ́ta: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ohùn ni ó ya igbá tí a fi ń bu omi sọ́tọ̀ kúrò lára igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, tí ó sì ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà tí í ṣe àkókò. Ọmọdé tí ó bá to agolo mẹ́ta tí ohùn wọn yàtọ̀ síra ti ní ìlù tí ó lè sọ̀rọ̀. Bí ó bá lu àárín, àárín, òkè, àárín, òkè, ó lè ti sọ pé "ọmọ ń ṣeré". Ṣùgbọ́n ìlù yìí kan náà lè sọ pé "ọkọ ń relé", nítorí ohùn gbólóhùn méjèèjì bára mu. Irú ìṣòro yìí ni onílù dùndún máa ń fi gbólóhùn tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, bí oríkì àti òwe, yanjú.

Ibí yìí ni ewu tí ó wà nínú ìdánwò náà ti ń hàn jù lọ. Nígbà tí a túmọ̀ àwọn orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá tí a kò sì yí ohùn orin wọn padà, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sọ ìtumọ̀ nù lẹ́nu àwọn tí ń kọ wọ́n. Thomas Ekundayo Phillips (1884–1969), tí ó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà Krístì ní Èkó, wà lára àwọn tí wọ́n wá àtúnṣe sí èyí. Ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní ọdún 1953. Dùùrù ìṣeré tí ilé-iṣẹ́ ti to ohùn rẹ̀ lè tún àṣìṣe yìí ṣe sí orin eré ọmọdé. Bí ohùn orin bá sọ̀ kalẹ̀ níbi tí "igbá" wà, "igbà" ni etí Yorùbá yóò gbọ́.

Àwọn olùṣẹ̀dá orin ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Iṣẹ́ Akin Euba (1935–2020), tí a bí ní Èkó, ni ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Kò lo dùùrù gẹ́gẹ́ bí ohun èlò tí ń kọrin nìkan. Ó fi í ṣe ìlù. Nínú Igi Ńlá Só (1963), ó kọ orin fún dùùrù àti ìlù Yorùbá pọ̀. Nínú Scenes from Traditional Life (1970), dùùrù nìkan ni ó gbé ìlànà ìlù. Ìwé rẹ̀ lórí dùndún jáde ní ọdún 1990. Ní Gánà, Kwabena Nketia (1921–2019) tẹ ìwé orin dùùrù méjìlá jáde ní ọdún 1994 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ọwọ́ wọn lè mọ ìlù Áfíríkà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ohun ìṣeré ni àwọn méjèèjì lò, ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn pé a lè kọ́ ohun èlò àjèjì láti gbọ́ èdè ilé.

Ìwó

Ìwó jẹ́ ìlú àtijọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Olúwòó sì ni oyè ọba rẹ̀. Oríkì ìlú náà so ó mọ́ odídẹrẹ́, ẹyẹ tí ń sín ohùn ènìyàn jẹ. Ìsìlámù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́. Ní àwọn ìlú Mùsùlùmí Yorùbá, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n máa ń kọ wéré ní òru Ramadan láti jí àwọn ènìyàn fún sààrì. Láti inú wéré ni Sikiru Ayinde Barrister (1948–2010) ti mú fújì jáde. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí eré ọ̀dọ́ di iṣẹ́ àgbà.

Yunifásítì Bowen, tí Àpapọ̀ Ìjọ Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà dá sílẹ̀, wà ní Ìwó, wọ́n sì ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ orin níbẹ̀. Orúkọ Thomas Jefferson Bowen ni wọ́n fi sọ ọ́, míṣọ́nnárì tí ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1858.

Ìpèníjà

Àkọ́kọ́ ni pé eré òṣùpá ń dínkù. Iná mànàmáná, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ti mú ọ̀pọ̀ ọmọ kúrò lágbàlá, ohun ìṣeré oníbátìrì tí ó ti ní orin tirẹ̀ nínú kò sì fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ láti dá ìró tuntun sílẹ̀. Èkejì ni àkọsílẹ̀: àmì orin orí ìwé lè sọ ohùn àti gígùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún un láti sọ ẹ̀rín, ìfò àti ìdúró díẹ̀ tí ọmọ fi ń tan ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni orin. Àwọn ọmọdé ni wọ́n ń dá eré wọn sílẹ̀, tí wọ́n ń tún un ṣe, tí wọ́n sì ń fi í lé àbúrò wọn lọ́wọ́ láìsí ìwé. Olùṣẹ̀dá orin tí ó bá gbé eré náà lọ sí gbọ̀ngàn orin láìdárúkọ ìlú àti agboolé tí ó ti gbọ́ ọ yóò mú un kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Bí ó bá sì tò ó pa débi pé kò sí ẹni tí ó lè ṣìṣe mọ́ nínú rẹ̀, ó lè ṣì jẹ́ orin, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré mọ́.