OLÙTỌ́JÚ ÌWÉ TÍ Ó WÀ NÍ AGÉGE



Bí a bá dárúkọ Ṣéèkì Adam Abdullahi Al-Ilori ní Agége, oníwàásù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú bí abẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn ni a fẹ́ rántí lónìí, èyí tí kò ní ariwo nínú. Iṣẹ́ náà ni ìtọ́jú ìwé. Kì í ṣe oyè tí wọ́n fi ń pè é, ṣùgbọ́n ó ṣe é títí ọlọ́jọ́ fi dé ní ọdún 1992.

Wasa, ní ilẹ̀ Dàhómì ìjọ́hun, ni a gbé bí i ní ọdún 1917. Ọmọ Ìlọrin ni baba rẹ̀. Ó kéwú lọ́dọ̀ àwọn àlùfáà Ìbàdàn. Ní 1952 ó dá ilé-kéwú tí à ń pè ní Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì gbé e wá sí Agége ní 1955. Ìlú ọlọ́bì ni Agége, reluwé sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí yọ ní Ìkẹjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń wáṣẹ́ lọ sí Ìkẹjà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń wá kéwú ní Agége, lórí àga, níwájú pátákó, ní kíláàsì kíláàsì, dípò ẹní àti wàláà.

Irú ilé-kéwú bẹ́ẹ̀ kò lè dúró láìsí ìwé. Láyé ìgbà náà, ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ àlùfáà fi ń da ìwé kọ. Púpọ̀ nínú èyí tí a bá tẹ̀, òkè òkun ni ó ti ń wá. Bèírútù ni wọ́n ti tẹ ìwé ìtàn Nàìjíríà tí Ṣéèkì náà kọ, ní 1965. Ó dá ilé-ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Agége, kí ọmọ kéwú lè rí ìwé rà nítòsí. Àwọn ìwé tí òun tìkára rẹ̀ kọ ju àádọ́ta lọ.

Ọ̀kan nínú wọn ni Misbah, tí ó jáde ní 1967. Ewì àti ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí àwọn àlùfáà ilẹ̀ wa kọ ni ó kó jọ sínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti dolóògbé. Àpótí ilé wọn nìkan ni iṣẹ́ wọn ìbá wà, bí ikán kò bá tíì jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ àpótí yìí gan-an ni ó kàn wá. Ní 2012, nígbà tí àwọn ológun gba ìlú Tìmbúkútù ní Málì, Abdel Kader Haidara, olùtọ́jú ìwé níbẹ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwé kéwú àtayébáyé sínú àpótí páànù, wọ́n sì fi mọ́tò àti ọkọ̀ ojú omi kó wọn lọ sí Bàmákò. Awakọ̀ àti atukọ̀ wà nínú àwọn tí ó gba ìwé náà là. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, àwọn ológun náà dáná sun ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ó kù.

Kò sí ológun lẹ́yìnkùlé tiwa, síbẹ̀ ìwé ń ṣègbé. Àlùfáà a kú, àwọn ọmọ a pín ilẹ̀, wọn a pín aṣọ, ìwé a sì di ohun tí a fi ń pọ́n ẹ̀pà. Ṣé bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn?

Ẹ̀yin ará, bí àlùfáà bá ṣípò padà ní ilé yín, ẹ má ṣe tú ìwé rẹ̀ ká. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ tútù, ẹ kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ fi kàfúrà sí àpótí rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí yóò kà á nínú ilé, ẹ fi ta ilé-kéwú lọ́rẹ. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹni tí ó ra kọ́bọ́ọ̀dù kan fún ìwé ilé-kéwú ti ṣe sàráà tí kì í tán. Kí ẹ sì bi Lèmọ́mù yín léèrè ní ọjọ́ Jímọ̀: ta ni ó ń mú kọ́kọ́rọ́ àpótí ìwé wa lọ́wọ́? Bí ẹnì kan bá wà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè.

Kí Ọlọ́run Ọba kẹ́ Ṣéèkì Adam, kí Ó sì fi àwọn olùtọ́jú ìwé rọ́pò rẹ̀ láàárín wa. Àmín.